Orúkọ Tí Wọ́n Fún Olè

Warsaw, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú òtútù tó ti ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Ṣé orúnkún Ìyá Àgbà ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo pè lánàá, àwọn ni wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ yín, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá mo ti rí ìyàwó. Nítorí náà, lẹ́tà ni n ó máa kọ. Ẹ ṣáà máa ṣí kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ẹ ó máa bá a níbẹ̀.

Géèmù wa yóò jáde lọ́jọ́ kẹtàdínlógún. *Ẹlẹ́ṣin Orí Òkè* ni orúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni iléeṣẹ́ wa fi ṣe é, ilẹ̀ wa ni wọ́n sì gbé e kà. Ẹ ó rí adágún Song-Kul níbẹ̀, ẹ ó rí àgọ́ wa, ẹ ó rí ojú ọ̀nà Naryn gan-an pẹ̀lú àwọn òkúta rẹ̀.

Ohun tó wù mí jù lọ nìyí. Nígbà tí wọ́n ń wá orúkọ àwọn ará ilẹ̀ wa, èmi ni wọ́n bi. Darandaran àgbàlagbà kan wà nínú géèmù náà, òun ló ń fi ọ̀nà han ẹlẹ́ṣin, tó ń fún un ní wàrà ẹṣin mu. Mo ní kí wọ́n pè é ní Chormon. Orúkọ Bàbá Àgbà, Màmá! Gbogbo ayé ni yóò máa pè é. Ẹ sọ fún Ìyá Àgbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn oníbàárà ilé eré yín gbá a, kí ẹ kọ èrò wọn ránṣẹ́ sí mi bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́. Kí wọ́n má pọ́n mi lé. Ọ̀gá mi fẹ́ràn èrò àwọn tí wọ́n ń fi owó ara wọn gbá géèmù.

Èmi ni ọmọ yín,
Elaman

*

Naryn, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá

Elaman, ọmọ mi,

A dúpẹ́ pé ara rẹ le. Orúnkún Ìyá Àgbà kò fúyẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu wọn fúyẹ́ dáadáa. Wọ́n ní o kò dáhùn ọ̀rọ̀ ìyàwó.

Wọ́n ní kí n ka lẹ́tà rẹ sókè. Mo kà á dé ibi orúkọ náà, ni ikọ́ bá gbé mi. Ìwọ náà mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ bàbá ọkọ, ìbáà wà láyé, ìbáà ti lọ. Ọdún kejìdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti dé ilé yìí, kò tíì bọ́ lẹ́nu mi rí, n kò sì ní torí géèmù bẹ̀rẹ̀. Mo wúkọ́, mo tún wúkọ́. Ìyá Àgbà ní, "Kí ló dé? Ṣé Elaman kó òtútù sínú lẹ́tà ni?" Àwọn náà kò sì lè pe orúkọ ọkọ wọn. Bàbá rẹ ì bá wà láyé, òun ni ì bá kà á fún wa. Ni mo bá pe Jyldyz, ọmọbìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ń na gbogbo ọkùnrin ilé eré wa nínú géèmù. Ó kà á ketekete. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ó tún máa gun ẹṣin." Wọ́n sunkún, inú wọn sì dùn.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ kẹtàdínlógún bọ́ sí. Ọjọ́ tí a máa ń dín borsok, àkàrà ìyẹ̀fun wa, ni, kí òórùn òróró gbígbóná lè dé ọ̀dọ̀ àwọn òkú wa. Ìyá Àgbà ti pe gbogbo ìyá àdúgbò. Wọ́n ní inú ilé eré ni a ó ti jẹ ẹ́, níwájú kọ̀ǹpútà, kí Bàbá Àgbà lè gbọ́ òórùn náà láti ibi méjèèjì.

Kasym onítakisí ní kí n bi ọ́ bóyá géèmù náà wúwo bíi ti àwọn tó kù. Ó ní àwọn iléeṣẹ́ yín ń ṣe géèmù fún kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni kò tíì rà. Ẹ̀rọ kẹrin wa ti ń wúkọ́ bí èmi.

Wọ aṣọ tó nípọn.

Ìyá rẹ,
Burulkan

*

Warsaw, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹwàá

Màmá,

Ẹ kú iṣẹ́. Mi ò ráyè púpọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe àwọn èèyàn jọ lọ́jọ́ Ẹtì. Òótọ́ ni Kasym sọ, géèmù náà wúwo, ẹ̀rọ yín lè má gbé e. Kò sì tíì jinná tán. Àtúnṣe máa dé lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, ẹ jẹ́ kí a dúró dè é. Ẹ sọ fún Ìyá Àgbà pé kí wọ́n dín borsok wọn nínú ilé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Elaman

*

Naryn, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹwàá

Elaman,

Ṣé alàáfíà ni o wà?

Mo rí lẹ́tà rẹ. Àwọn ìyá ti ra ìyẹ̀fun, ẹni méjì ti wọ ọkọ̀ wá láti At-Bashy. Ta ni mo fẹ́ lé padà?

O ní kí n kọ èrò àwọn agbágéèmù bí wọ́n ṣe sọ ọ́. N ó kọ ọ́. Wọ́n ní òkè náà dára. Kasym bọ́ fìlà, ó ní, "Ẹni tó ya òkè yìí ti mu omi ibẹ̀." Wọ́n ní ẹṣin náà ń sáré bí ewúrẹ́ orí yìnyín. Jyldyz ní ẹ sè é jinná ààbọ̀ kí ẹ tó bù ú fún wọn: ẹṣin rẹ̀ wọ inú òkúta lọ, kò sì jáde mọ́. Inú bí wọn gan-an sí fìlà. Wọ́n ti san owó géèmù, ẹ tún ní kí wọ́n san òmíràn kí wọ́n tó lè dé kalpak, fìlà tí gbogbo bàbá wọn ń dé lọ́fẹ̀ẹ́! Kasym ní, "Tí wọ́n bá rí ọ̀nà, wọ́n á gbowó lórí irun imú ẹṣin." Ó ní òun ṣìnà fún wákàtí méjì, pé ó yẹ kí àgbàlagbà kan wà tí yóò máa fi ọ̀nà han èèyàn.

Àgbàlagbà kan wà, Elaman. Lẹ́yìn tí òòrùn wọ̀ nínú géèmù náà ló yọ. Ojú rẹ̀ kan fọ́, ó ń fa abo ẹṣin opó kan lọ. Àkọlé pupa wà lókè orí rẹ̀. Ojú Ìyá Àgbà kò ríran dáadáa mọ́, ẹ̀rín sì ti wà lẹ́nu wọn. Wọ́n ní, "Òun nìyẹn? Ẹ kà á fún mi." Jyldyz wò mí. Mo mi orí sí i pé kó má kà á, ṣùgbọ́n àlejò kan láti At-Bashy ti fi ohùn rara kà á: "Olè Chormon. Pa á, kí o gba ẹṣin padà."

Ìyá mẹ́rìnlá ló wà nínú yàrá náà. Borsok wà lórí tábìlì, ó ń gbóná. Ìyá Àgbà mú ọ̀pá wọn, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Mo ti sin òkú méjì nínú ilé yìí, ojú kò tì mí tó báyìí rí.

Ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀. Lẹ́tà tí o kọ lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ṣé o ti mọ̀?

Burulkan

*

Warsaw, ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá

Màmá mi,

Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀. Àwọn tó wà lókè ni wọ́n yí i padà. Iléeṣẹ́ ńlá ni, ẹnì kan kì í mọ ohun tí ẹnìkejì ń ṣe.

Ṣùgbọ́n, Màmá, eré ni. Níbí, kò sẹ́ni tó ka orúkọ inú géèmù sí nǹkan kan. Láàárín oṣù mẹ́ta, géèmù mìíràn á jáde, wọ́n á gbàgbé eléyìí. Èrò ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ló ti wọlé, owó fìlà ni gbogbo wọn ń pariwo lé lórí, kò sẹ́ni tó dárúkọ olè.

Mo ti fi bàtà onírun ránṣẹ́ sí Ìyá Àgbà. Pupa ni, bí wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Elaman

*

Naryn, ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kọkànlá

Elaman,

Mo mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ kí n tó dáhùn. Gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó láti kọ̀wé, èébú ló ń wá sí mi lọ́wọ́.

Bàtà dé. Ó wà nínú páálí rẹ̀ síbẹ̀.

O ní kò sẹ́ni tó ka orúkọ sí. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣé ilé tiwa ni o wò, tí o fi rí olè? Àwọn ọmọ àdúgbò ti ń gbìyànjú. Kasym kó gbogbo wọn jọ, ó ní, "Nínú ilé yìí, 'Olójú-kan' là ń pè é. Ẹni tó bá pe orúkọ yẹn, kó rìn lọ sí Bishkek, ọkọ̀ mi ò ní gbé e." Ṣùgbọ́n àwọn àlejò ń wọlé, wọn ò mọ nǹkan kan. "Gbá Chormon mú! Chormon, ọmọ àlè! Mo ti pa Chormon!" Orúkọ tí èmi kò gbọ́dọ̀ pè, mo ń gbọ́ ọ nígbà tí mo bá ń gbálẹ̀, mo ń gbọ́ ọ nígbà tí mo bá ń po tíì.

Ìyá Àgbà kò dín borsok mọ́. Ọjọ́ Ẹtì márùn-ún ti kọjá. Mo ní kí n dín in fún wọn, wọ́n ní rárá. Wọ́n ní, "Tí òórùn náà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó máa bi mí pé ta ló ń pariwo nínú ilé. Kí ni n ó sọ? Pé ọmọ ọmọ wa ni?"

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n bi Jyldyz pé, "Àwọn tó ń gbá eré yìí, níbo ni wọ́n ti ń sọ èrò wọn?" Jyldyz ṣí ibẹ̀. Wọ́n ní kó kọ ọ́ bí wọ́n bá ṣe ń sọ ọ́, kó fi orúkọ ilé eré wa sí i, Ak-Kuu, Naryn. Mo dà á kọ fún ọ:

"Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mí. N kò gbá eré yín. Ọkùnrin tí ẹ fi orúkọ rẹ̀ pe olè kò mú ẹran ẹlẹ́ran rí. Ní ọdún tí yìnyín pa ẹran gbogbo àdúgbò, ó pín àgùntàn tirẹ̀ títí ó fi ku mẹ́fà. Láti ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni ẹnu mi kò ti pe orúkọ rẹ̀, nítorí ọ̀wọ̀. Ẹ fún olè yín ní orúkọ mìíràn. Òkè yín dára."

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn ló ti gbè é lẹ́yìn kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn agbágéèmù láti ilẹ̀ tí mi ò mọ̀ ń kọ ọ́ pé, "Ẹ gbọ́ ti ìyá yìí." Ìyá Àgbà ní kí Jyldyz máa ka gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹnì kan ti pa á rẹ́.

Ìwọ lo wà nínú ilé iṣẹ́ náà. Bá mi wádìí ẹni tó pa ọ̀rọ̀ ìyá bàbá rẹ rẹ́. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́.

Burulkan

*

Warsaw, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejìlá

Màmá mi,

Èmi ni.

Mo ti kọ lẹ́tà yìí nígbà mẹ́sàn-án, mo sì ń pa á rẹ́. Ojú ń tì mí débi pé mi ò lè wo fọ́tò Bàbá Àgbà tó wà lára ògiri mi. Mo ti dojú rẹ̀ kọ ògiri.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò ṣe géèmù, Màmá. Mi ò ya òkè kankan. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka èrò àwọn agbágéèmù, kí n kó o jọ fún ọ̀gá, kí n dá àwọn kan lóhùn, kí n sì pa àwọn kan rẹ́. Mo jẹ́ kí ẹ máa sọ fún gbogbo Naryn pé mo ń ṣe géèmù.

Darandaran náà wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́kọ́ dán géèmù wò ní bàbá náà ń sọ̀rọ̀ jù, pé ó ń fi àkókò àwọn ṣòfò. Èmi ni mo kó èrò wọn jọ, tí mo gbé e fún ọ̀gá. Wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọn ò sọ fún mi. Orúkọ rẹ̀ wá ṣẹ́ kù nílẹ̀, wọ́n gbé e fún olè. Ọjọ́ mẹ́rin kó tó jáde ni mo rí i, a wà nínú ìpàdé. Ọ̀gá wò mí, ó ní, "Elaman, kò burú ní èdè yín, àbí?" Àwọn èèyàn ti ń wọ ẹ̀wù òtútù wọn, wọ́n fẹ́ máa lọ ilé. Ìwé ìgbélùú mi sì wà lórí tábìlì rẹ̀, kò tíì fọwọ́ sí i. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kò burú rárá."

Ẹ̀rín yẹn ni mo ń gbọ́ ní gbogbo ọjọ́.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà bọ́ sórí tábìlì mi ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Òfin wa ni pé èrò tí kò bá dá lórí eré fúnra rẹ̀, kí a pa á rẹ́. Mo rí Ak-Kuu. Mo kà á tán, títí dé ibi tí wọ́n ti ní òkè wa dára. Mo mọ ohùn wọn. Ìka mi tẹ̀ ẹ́. Mo ní tí kò bá sí níbẹ̀ mọ́, ẹ̀yin náà á gbàgbé.

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, Màmá. Mo ti mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn lẹ́tà yín, mo dá ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà padà síbi tó wà. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ara mi, pé èmi ni mo mú orúkọ náà wá, èmi ni mo dákẹ́, èmi náà ni mo pa ọ̀rọ̀ yìí rẹ́, pé ìyá bàbá mi ló sọ ọ́. Àwọn agbágéèmù bú mi bí ẹni bú ajá. Ẹ̀tọ́ mi ni. Ọ̀gá pè mí. Ó ní orúkọ kan ṣáà gbọ́dọ̀ wà lórí olè náà kí àtúnṣe tó jáde, kí n mú òmíràn wá kíákíá, èyí tí kò ní dá wàhálà sílẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé fún un. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú.

Ìwé iṣẹ́ mi máa parí ní ìparí oṣù Kìíní. Wọn ò ní tún un ṣe. Mi ò mọ ibi tí n ó forí lé. Mi ò lè ní kí ẹ jẹ́ kí n wá sílé.

Elaman

*

Naryn, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kìíní

Elaman,

Má kọ ọ̀rọ̀ ikú sí mi mọ́. Ẹni tó bá kú, ta ni yóò bá a tọrọ àforíjì?

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì bínú lẹ́ẹ̀mejì. Irọ́ iṣẹ́ yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n èmi náà ni mo ń gbé e kiri ọjà. Ti ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà tí o pa rẹ́ ló dùn mí jù. Mo sọ fún wọn. N kò lè fi pamọ́. Wọ́n wọ yàrá wọn lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní, "Ó kà á tán kó tó pa á rẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Ó dáa tó kà á tán."

Àtúnṣe dé ní ọjọ́ kejì ọdún tuntun, ọjọ́ Ẹtì. Jyldyz ló kọ́kọ́ débi olè. Ó dá ẹṣin rẹ̀ dúró, ó ní, "Màmá Burulkan, ẹ wá wò." Àkọlé pupa yẹn: *Olè Elaman.* Gbogbo àwọn tó wà nílé eré ló mọ̀ ọ́. Kasym ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀. Ó kàn bojú wolẹ̀.

Ìyá Àgbà gbọ́ bí ilé ṣe dákẹ́, wọ́n jáde wá. Wọ́n ní, "Kí ló wà lórí rẹ̀ báyìí? Ẹ kà á." Jyldyz kà á. Wọ́n sún mọ́ kọ̀ǹpútà náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Elaman. Èyí, ẹnu mi lè pè é." Ni wọ́n bá fi ọ̀pá lu ẹ̀yìn àga, wọ́n ké, "Elaman! Olè! Aláìnítìjú! Dá ẹṣin opó padà!" Ẹ̀rín pa gbogbo ilé eré. Èmi náà ké e. Oṣù méjì ààbọ̀ ni mo ti fi ń wúkọ́ nínú ilé mi, ọmọ mi. Mo ké e títí ohùn mi fi há. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, mo sunkún, nítorí orúkọ tí mo sọ ọ́ fúnra mi ni.

Ìyá Àgbà dín borsok ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bàtà pupa náà ló wà lẹ́sẹ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń dín in, wọ́n sì ta òróró sí i lára.

Àwọn àlejò ń pa ọ́ lójoojúmọ́, a ò lè dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n Jyldyz ní kò pọn dandan kí èèyàn pa olè náà. Èèyàn lè dè é, kó gba ẹṣin lọ́wọ́ rẹ̀, kó tú u sílẹ̀. Àwọn ará ilé eré wa kì í pa ọ́. Wọ́n á dè ọ́, Ìyá Àgbà á bú ọ tẹ́rùn, wọ́n á tú ọ sílẹ̀, wọ́n á sì lé ọ gba ọ̀nà Naryn.

Ọkọ̀ Kasym ń lọ sí Bishkek ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Ó ní òun yóò dúró níwájú pápákọ̀ òfurufú, kí o ṣáà sọ ọjọ́ tí o ó dé.

Ìyá rẹ,
Burulkan